Dírẹ́bà Alága

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ẹgbẹ́ tó ń darí. Ohun tí a mọ̀ ni pé níbikíbi tí wọ́n bá to àga mẹ́ta sí, ti àárín ni yóò jókòó sí, òun ni yóò sì kọ́kọ́ wúkọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí èèyàn kò bá pè é ní Alága, orúkọ wo ló kù?

Ohun kan wà tí Alága kò mọ̀ ọ́n ṣe. Kò mọ mọ́tò wà. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ní òun ń bọ̀ wá kọ́ ọ. Nígbà tó dàgbà, ó ní iṣẹ́ ọ́fíìsì ni kò jẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí ọ́fíìsì kò sí mọ́, ó ní èèyàn pàtàkì kì í fọwọ́ ara rẹ̀ di sítíárìn mú. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wà á. Agbẹ̀bí ni obìnrin náà, ilé ìwòsàn kan ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti máa lọ sílé àwọn ìyálọ́mọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bímọ, láti wo ìwọ́ ọmọ, kó sì gbọ́ ẹjọ́ oorun tí ìyá kò rí sùn. Bí òun àti ọkọ rẹ̀ bá jọ ń lọ síbì kan, ìyàwó á wà níwájú, Alága á wà lẹ́yìn, ní igun ọ̀gá. Á na ìwé ìròyìn sókè, á sì máa ti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn sọ ọ̀nà tó yẹ kí ìyàwó gbà. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é báyìí.

Mọ́tò Agbẹ̀bí wá kú sójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì dá a padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń fi aṣọ bo òkú.

“Màmá,” ó ní, “ẹ jẹ́ kó sinmi.”

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún Agbẹ̀bí. Ọ̀gá ilé ìwòsàn ti sọ ọ́ fún un tààrà: bí kò bá ní mọ́tò títí di ọjọ́ Ajé, ẹlòmíì ni yóò gba iṣẹ́ ilé dé ilé, òun á sì máa jókòó ti fáìlì nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Iṣẹ́ ilé dé ilé yìí sì ni gbogbo adùn iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dààmú púpọ̀. Ó ti ń tọ́jú owó bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ti mọ mọ́tò tó fẹ́: kékeré kan, funfun. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní irú rẹ̀, ó sì ti jókòó sínú rẹ̀ rí. Agbẹ̀bí kò ga, kí á má parọ́. Nínú mọ́tò yẹn, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló dé orí bíréèkì, kì í ṣe ìka ẹsẹ̀ nìkan. Owó tó tọ́jú tó mọ́tò náà, kò sì ṣẹ́kù. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní, “Ó dára bẹ́ẹ̀,” láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mẹkáníìkì yá wọn ní mọ́tò tirẹ̀. Ohun tó ń ṣe mọ́tò náà kò pọ̀, àfi pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò ṣeé ṣí láti inú. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, àfi kí ẹlòmíì ti ìta ṣí i fún un. Agbẹ̀bí ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tààrà, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀: ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú tó ní bọ́tìnnì dé ọrùn, ṣòkòtò aláwọ̀ eérú, bàtà pẹlẹbẹ. Alága ní tirẹ̀ ti wọ kóòtù, ó sì ti kun bàtà rẹ̀ títí tó fi lè rí imú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sójú ọ̀nà, ká wo ẹni tó ń dúró dè wọ́n.

Ilé ìtajà mọ́tò yìí, gíláàsì ni láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn mọ́tò tò sínú rẹ̀, gbogbo wọn kọjú sí ẹnu ọ̀nà, òórùn rọ́bà tuntun sì ń gbá kiri. Ẹ̀yìn gíláàsì yẹn ni ọ̀gá àwọn òǹtajà ibẹ̀ máa ń dúró sí. Ojúlòṣùwọ̀n ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Ó máa ń fọ́nnu pé kí oníbàárà tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀ lòun ti ń mọ bí àpò rẹ̀ ṣe jìn tó. Kì í wo ojú, kì í wo aṣọ. Ilẹ̀kùn ló ń wò.

“Ẹni tó bá ti iwájú sọ̀ kalẹ̀,” ó máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, “mọ́tò ló ń wá kiri. Ẹni tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún, mọ́tò ló ń wá òun kiri.”

Ẹ ti wá mọ ohun tó rí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mọ́tò kan yà wọlé. Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ti iwájú sọ̀ kalẹ̀, ó yí lọ sẹ́yìn, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó dì í mú. Bàtà dídán kan kọ́kọ́ jáde, ó dúró ná, kí ìkejì tó tẹ̀lé e. Bí Alága ṣe dìde dúró lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni Ojúlòṣùwọ̀n ti fọwọ́ tún táì rẹ̀ ṣe, tó rẹ́rìn-ín kan tí kò tún kúrò lójú rẹ̀ mọ́, tó sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

“Ọ̀gá mi! Ẹ káàbọ̀, sà! Ó mà pẹ́ tí a ti ń retí irú yín!” Ó wá yíjú sí Agbẹ̀bí, tìfẹ́tìfẹ́ náà ni. “Màmá Dírẹ́bà, ẹ kú iṣẹ́. Bẹ́ǹṣì àwọn dírẹ́bà wà lábẹ́ òjìji níbẹ̀ yẹn, ẹ lọ sinmi ẹsẹ̀.”

Agbẹ̀bí wo ọkọ rẹ̀. Alága la ẹnu. Kí á ṣe òótọ́, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ tó tọ́ sì ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n àkókò yẹn gan-an ni ọmọbìnrin kan gbé omi tútù dé nínú ife gíláàsì, lórí àwo fàdákà, tó sì ní, “Omi rèé, Ọ̀gá.” Alága gba omi, ó mu ún. Ọ̀rọ̀ náà bá omi lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Tí èèyàn kò bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó mu omi, báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn tó ti mu ún tán?

“Mo dúpẹ́,” ni Agbẹ̀bí sọ, ó sì lọ síbi bẹ́ǹṣì. Inú bí i díẹ̀. Ẹ̀rín pa á díẹ̀. Ó fẹ́ mọ ibi tí eré yìí máa já sí.

Dírẹ́bà méjì ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan ń sùn, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ síwájú. Èkejì jẹ́ bàbá àgbà kan tó fi igi ìtayín há ẹnu.

“Ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ káàbọ̀,” bàbá náà ní, ó sún fún un. “Ọ̀gá yín nìyẹn? Ó jọ ẹni tó le.”

“Kò le, bàbá. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ ni.”

“Irú wọn ló burú jù. Ṣé ó máa ń sọ ọ̀nà fún yín?”

“Títí kan ọ̀nà tí a ti kọjá.”

Bàbá mi orí. “Ṣùgbọ́n kò ní fowó iṣẹ́ yín ṣeré, àbí?”

Agbẹ̀bí rò ó wò. “Kò tíì san nǹkan kan rí.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún.”

Bàbá tu igi ìtayín dànù. “Kí lẹ wá ń jẹ?”

“Ohun tí mo bá sè ni. Èmi náà ni mò ń sè fún un.”

“Ẹ tún ń sè fún un!” Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Màmá, ẹ wò mí dáadáa. Géètì ṣí sílẹ̀. Ẹ sá!”

Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá rò pé ẹkún ni, ó fọwọ́ gbá a léjìká pẹ́pẹ́.

Nínú ilé, ọ̀rọ̀ ti ń di ńlá. Ojúlòṣùwọ̀n kò tilẹ̀ jẹ́ kí Alága wo ọ̀nà ibi tí àwọn mọ́tò kéékèèké wà. Ìdí jíìpù dúdú kan ló mú un lọ, èyí tó ga, tó gbòòrò, tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ àtẹ̀gùn kí ó tó wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣí fún un. Alága jókòó, ó fẹ̀yìn ti awọ tó rọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, orí rẹ̀ kò sì kan òrùlé.

“Ẹ wo bó ṣe bá yín mu, sà! Ẹ̀yin ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó rán an.”

“Wọ́n ń sọ nílé,” Alága ní, nítorí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò tíì sùn tán, “pé kékeré ló dáa.”

“Ta ló ń sọ ọ́, sà?”

“Ilé.”

“Ilé kì í wa mọ́tò, sà.”

Alága fọwọ́ tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Òun náà kì í wà á.

“Iye rẹ̀ ńkọ́?” ó bèèrè.

Ojúlòṣùwọ̀n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ orúkọ àìsàn. Ó yára fi kún un pé ẹni ńlá kì í san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ọ̀gá kó ohun tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀, ìyókù á máa tẹ̀lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ ni owó tí Agbẹ̀bí ti ń tọ́jú bọ̀. Alága mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ pa awọ àga náà lára, ó sì ní, “Ẹ jẹ́ ká wò ó lójú ọ̀nà ná.”

Ojúlòṣùwọ̀n jáde sí bẹ́ǹṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ Agbẹ̀bí bí ọ̀rẹ́. Àṣà kan wà nílé ìtajà yìí tí kò sí lára ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n ń pè é ní ọwọ́ dírẹ́bà.

“Màmá Dírẹ́bà, ọ̀gá yín ti fẹ́ràn dúdú yẹn. Ẹ mọ̀ pé àwọn ọ̀gá, dírẹ́bà ni wọ́n máa ń bi léèrè níkẹyìn. Ẹ kàn sọ pé, ‘Ọ̀gá, mọ́tò nìyí.’ Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ dírẹ́bà yín á wà ńlẹ̀.”

“Ṣé owó gidi ni?”

“Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò. Àwọn kan ti fi kọ́lé.”

“Mọ́tò yòówù tó bá rà?”

“Yòówù! Ẹnu yín ṣáà ni kó ti jáde.”

“Bàbá, ẹ gbọ́ o,” Agbẹ̀bí sọ fún bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ,” bàbá dá a lóhùn. Inú rẹ̀ dùn pé obìnrin yìí fẹ́ rí nǹkan gbà níkẹyìn.

“Funfun kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́?” Agbẹ̀bí bèèrè.

Ojúlòṣùwọ̀n fọwọ́ gbá afẹ́fẹ́ dànù. “Ìyẹn? Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní! Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹ̀yìn á ká àga iwájú, á tẹrí ba, á sì fi ẹ̀gbẹ́ rá wọlé bí eku. Ṣé ọ̀gá yín lẹ fẹ́ kó máa rá?”

“Rárá o,” ni Agbẹ̀bí sọ, ó ya ẹnu bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ.

Wọ́n gbé jíìpù jáde sí àgbàlá. Alága wà lẹ́yìn, ní igun ọ̀gá. Ojúlòṣùwọ̀n wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Agbẹ̀bí di ilẹ̀kùn mú, ó gun òkè, ó jókòó, ó sì sọnù sẹ́yìn sítíárìn.

“Ọ̀gá, ẹ dákun,” ó ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é bẹ́ẹ̀ lójú ayé rẹ̀, Alága sì ta gìrì. “Ẹsẹ̀ mi ò dé bíréèkì.”

“Ẹ sún àga síwájú,” ni Ojúlòṣùwọ̀n sọ.

Ó sún un. Àyà rẹ̀ kan sítíárìn. “Ó ti dé o. Ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀nà.”

Wọ́n bá a wá tìmùtìmù kan láti orí àga ọ́fíìsì. Ó fi sábẹ́ ìdí. “Mo ti ń rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti tún kúrò nílẹ̀.”

“Ẹ na ìka ẹsẹ̀, Màmá.”

Agbẹ̀bí na ìka ẹsẹ̀. Jíìpù náà rá lọ díẹ̀, ó dúró gìdì, ó tún rá, ó yí àgbàlá ká bí àgbò tó ń wá ibi tí yóò ti kàn. Ó yà lẹ́bàá ìkòkò òdòdó kan, ó ku díẹ̀ kó fọ́ ọ. Ó dé ọ̀dọ̀ bẹ́ǹṣì, dírẹ́bà tó ń sùn là lójú, ó sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó gbá wọn mọ́ra. Ibẹ̀ ni Agbẹ̀bí ti dúró.

Ojúlòṣùwọ̀n nu iwájú orí. Ó yíjú sẹ́yìn, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Mọ́tò kò lábùkù. Dírẹ́bà ni kò tó o. Ẹ̀yin èèyàn ńlá, ẹ kì í torí dírẹ́bà pààrọ̀ mọ́tò. Dírẹ́bà lẹ ń pààrọ̀. Mo ní ọ̀dọ́kùnrin kan nílẹ̀, ó ga, ó dúró ṣánṣán. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.”

Agbẹ̀bí gbójú sókè wo digí. Ojú Alága ló wà nínú digí náà, kò sì rí ibi tí yóò gbé e sá.

“Ọ̀gá,” ni Agbẹ̀bí sọ, jẹ́jẹ́, “ṣé kí n wá ibòmíì lọ ni?”

Alága wúkọ́. Ikọ́ tó fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ni, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ìpàdé tó tẹ̀lé e.

“Kò ṣeé pààrọ̀,” ó ní.

“Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, sà. Mo mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ fún wọn tí kì í dun wọ́n.”

“Mo ní kò ṣeé pààrọ̀!”

“Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ yín ni?”

“Ọgbọ̀n ọdún.”

“Ẹ mà láàánú o! Ilé rẹ̀ ńkọ́?”

“Ilé mi ló ń gbé.”

“Yàrá ẹ̀yìnkùlé, sà?”

“Yàrá mi.”

Ẹ̀rín tó ti wà lójú Ojúlòṣùwọ̀n láti ẹnu ọ̀nà bọ́ lulẹ̀. Ó wo òrùka ọwọ́ obìnrin náà. Ó wo ti ọkùnrin tó wà lẹ́yìn. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

“Ọmọ mẹ́ta ló bí fún mi,” ni Alága sọ, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ débi tí wọ́n fi ní láti tẹ́tí. “Owó tí a fẹ́ ná yìí, tirẹ̀ ni. Òun ló ń ra mọ́tò.” Ó mí. “Èmi ò mọ mọ́tò wà.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí, kò sọ ọ́ sétí ẹnikẹ́ni rí. Agbẹ̀bí rọra fa bíréèkì ọwọ́ sókè. Ó wù ú kó ṣì máa bínú, ṣùgbọ́n ìbínú náà ti tán, kò mọ ìgbà tó tán.

“Màmá mi,” Ojúlòṣùwọ̀n ń kólòlò, “ẹ má bínú... aṣọ yẹn... ilẹ̀kùn yẹn... bí ẹ ṣe dì í mú...”

“Ilẹ̀kùn náà kì í ṣí láti inú ni,” Agbẹ̀bí ní. Ó fi ìdí fà láti orí àga títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

“Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀,” bàbá orí bẹ́ǹṣì kí i káàbọ̀.

Ó lọ tààrà sídìí mọ́tò funfun kékeré, ó wọlé, ó jókòó. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ sórí bíréèkì bí ẹni tó délé. Ó tan iná, ó yí sítíárìn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì yọrí jáde, ó fi ohùn tí gbogbo àgbàlá gbọ́ sọ pé:

“Ọ̀gá, mọ́tò nìyí!”

Alága, tó ti sọ̀ kalẹ̀, tó dúró sí gbangba pẹ̀lú bàtà dídán rẹ̀, dáhùn pé, “Mo gbọ́. Òun la máa rà.”

“Ó ku ọwọ́ dírẹ́bà mi,” ni Agbẹ̀bí sọ fún Ojúlòṣùwọ̀n.

“Háà, Màmá! Ìyẹn wà fún dírẹ́bà...”

“Ta ló gbé ọ̀gá wá?”

“Mọ́tò yòówù, lo wí!” bàbá ké láti orí bẹ́ǹṣì. “Etí mi méjèèjì!”

Ojúlòṣùwọ̀n yọ ọ́ kúrò nínú iye mọ́tò. Lẹ́yìn tí wọ́n parí ohun gbogbo, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání láti fà á lé oníbàárà lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kọrí sọ́dọ̀ kóòtù àti bàtà dídán, bí ó ti mọ́ ọn lára. Ó yà lójú afẹ́fẹ́, ó dé ọ̀dọ̀ Agbẹ̀bí, ọwọ́ kejì sì wá tì í lẹ́yìn.

Agbẹ̀bí ké sí mẹkáníìkì lórí fóònù pé kó wá mú mọ́tò tirẹ̀. Alága ti ki ìwé ìròyìn bọ abíyá, ó ti ń lọ sẹ́yìn mọ́tò funfun. Ó wá ilẹ̀kùn ní apá ọ̀tún. Ó yí lọ sí apá òsì, ó wá a níbẹ̀ náà. Ó tún yí padà.

Gíláàsì iwájú wálẹ̀. “Ẹ máa bọ̀ níwájú, Bàbá àwọn ọmọ.”

“Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dà?”

“Kò ní.”

“O mọ̀ pé kò ní?”

“Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ rí i.”

Alága wo ọ̀dọ̀ bẹ́ǹṣì, ó wo gíláàsì ilé ìtajà. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú fúnra rẹ̀, ó wọlé. Àyè kò sí láti na ìwé ìròyìn. Kò mọ ibi tí bélítì wà, ìyàwó rẹ̀ nawọ́ kọjá àyà rẹ̀, ó sì fi dè é.

Wọ́n jáde sí ọ̀nà. Kò pẹ́ tí alùpùpù kan fi ti ẹ̀gbẹ́ já lu iwájú wọn, Alága fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ mọ́tò bí ẹni tó ní bíréèkì tirẹ̀.

“Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń já lu èèyàn nìyí?”

“Lójoojúmọ́.”

“Mi ò rí wọn láti ẹ̀yìn.”

“Ìwé ìròyìn ni kò jẹ́.”

Wọ́n dé oríta. Ibẹ̀ ló ti wúkọ́ díẹ̀.

“Yà sọ́tùn-ún,” ó ní.

“Mo ti ń yà,” ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.